Ẹ̀fẹ̀ Tàbí Èébú? Ètò The Black and White Minstrel Show Lórí Amóhùnmáwòrán BBC, 1958–1978

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń gbèjà ètò amóhùnmáwòrán àtijọ́. Wọ́n ní kò yẹ kí á fi òṣùwọ̀n òde òní wọn ohun tí àwọn ará àtijọ́ ṣe, pé ohun tó di èébú lónìí, ẹ̀fẹ̀ lásán ni nígbà náà, kò sì bí ẹnikẹ́ni nínú. Àlàyé yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé inú ti ń bí àwọn kan láti ìgbà náà, wọ́n sì sọ ọ́ jáde. Àwọn tí àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn ni kò kà wọ́n kún. Ètò kan tí BBC ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ogún ọdún ni àpẹẹrẹ tí a yẹ̀ wò.

Ètò náà àti orírun rẹ̀

Ní ọdún 1958 ni The Black and White Minstrel Show bẹ̀rẹ̀. George Inns ni ó dá a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin George Mitchell ni ó ń kọrin níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin òyìnbó inú ẹgbẹ́ náà a fi nǹkan dúdú kun ojú, wọn a máa kọrin, wọn a sì máa jó. Àwọn obìnrin tó ń bá wọn jó kì í kun ojú tiwọn. Ní ọdún 1961, ètò yìí gba àmì-ẹ̀yẹ Golden Rose ní ìlú Montreux. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, àwọn tó ń wò ó ju mílíọ̀nù 10 lọ.

BBC kọ́ ló dá àṣà náà sílẹ̀. Amẹ́ríkà ló ti gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1830, nígbà tí wọ́n ṣì ń kó aláwọ̀ dúdú lẹ́rú níbẹ̀. Òṣèré òyìnbó kan, Thomas D. Rice, a kun ojú, a sì máa sín aláwọ̀ dúdú jẹ lábẹ́ orúkọ Jim Crow. Orúkọ yìí kan náà ni wọ́n wá fi ń pe àwọn òfin tó ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí oko ẹrú parí. Èyí fi hàn pé eré yìí àti ìyà tó jẹ ènìyàn kò jìnnà síra wọn.

Àwọn tó ti kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀

Ní ọdún 1848, Frederick Douglass, ẹni tó sá kúrò lóko ẹrú tó sì di oníwèé-ìròyìn, ti bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn òyìnbó tó ń fi àwọ̀ ẹlòmíràn wá owó. Ní ọdún 1924, Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní London, kọ̀wé sí ìwé-ìròyìn West Africa láti tako àròkọ kan nínú Evening News tó fi àwọn ará Nàìjíríà ṣe ajẹ̀nìyàn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Amóhùnmáwòrán kọ́ ni Ṣólàńkẹ́ bá jà, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn náà kò yàtọ̀: wọ́n ń sọ aláwọ̀ dúdú di ìran àpéwò.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1967, àjọ CARD, tó ń gbógun ti ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀, kó ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ fún BBC pé kí wọ́n dá ètò náà dúró. Nínú BBC fúnra rẹ̀, Barrie Thorne, olórí àwọn oníṣirò owó, kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá láti tako ètò náà. Èsì tí ọ̀gá kan fọ̀ ni pé ìmọ̀ràn tó dára jù fún àwọn aláwọ̀ dúdú, fún ire ara wọn, ni kí wọ́n dákẹ́. Òfin ìlú ti ń sọ̀rọ̀ lórí ìyàsọ́tọ̀ nígbà náà, nítorí ọdún 1965 ni òfin àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ọdún 1978 ni ètò náà tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Ìtúpalẹ̀

Bí ènìyàn bá wá sọ pé “gbogbo ayé ìgbà náà” fẹ́ ètò yìí, ó ti yọ Thorne, àjọ CARD àti àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú ayé. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ òǹwòran kò ní èrò ibi lọ́kàn. Orin ni wọ́n jókòó tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Èyí kò sọ pé bákan náà ni gbogbo ètò àtijọ́ rí. Nínú Till Death Us Do Part (1965–1975), Johnny Speight dá Alf Garnett, ẹlẹ́tanú, sílẹ̀ kí á lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, àwọn òǹwòran kan gbà pé Garnett ń bá àwọn sọ ti inú àwọn ni. Èrò òǹkọ̀wé nìkan kò tó láti fi dá ẹjọ́.

Pípa irú ètò bẹ́ẹ̀ rẹ́ kò tán ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, BBC yọ Little Britain (2003–2006) kúrò níbi tí wọ́n ń kó ètò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé àwọn òṣèré kan kun ojú nínú rẹ̀. Ó yé ni pé wọn kò fẹ́ kí ó máa bí ènìyàn nínú sí i, ṣùgbọ́n bí ètò bá parẹ́ pátápátá, ẹ̀rí ohun tí àwọn alátakò tako náà yóò parẹ́. Ohun tó sàn fún olùkọ́ ni kí ó gbé ètò àti ìwé ẹ̀bẹ̀ ọdún 1967 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú akẹ́kọ̀ọ́.

Ìkádìí

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ní ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, Nàìjíríà náà sì ní àwọn ètò àtijọ́ tirẹ̀. Láti inú The Village Headmaster, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968, ni orúkọ Amebo, obìnrin olófòófó, ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Nínú The Masquerade tó wá láti Enugu, Jegede Sokoya ni ó dúró fún ọmọ Yorùbá láàrin àwọn tí a ń rẹ́rìn-ín sí. Kì í ṣe pé kí á dá wọn lẹ́bi láìgbọ́ ẹjọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ olùkọ́ni máa bi ètò kọ̀ọ̀kan: Ta ni a fi rẹ́rìn-ín? Ǹjẹ́ ẹni náà sọ̀rọ̀? Ta ni ó gbọ́? Ọ̀pọ̀ àwọn tó wo àwọn ètò wọ̀nyí nígbà èwe wọn ṣì wà láàyè ní àdúgbò wa. Àsìkò tí a lè bi wọ́n nìyí.