Ṣábẹ: Láti Ààfin Oníṣábẹ Dé Ilé Iṣẹ́ Maire

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Kútọnu lọ sí Parakou, àwọn òkè olókùúta tó dá dúró láàrín pápá ni yóò fi mọ̀ pé òun ti dé Ṣábẹ. Àwọn Faransé rí wọn, wọ́n fi wọ́n wé ọmú, orúkọ náà sì wà lẹ́nu àwọn arìnrìn-àjò títí di òní. Ojú mìíràn ni àwọn baba wa fi wò wọ́n. Nígbà tí ogun Dàhọ̀mì ń jà wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn òkè wọ̀nyẹn ni ibi ìsádi. Ìlú tó ti rí irú ìyẹn kì í fi ọ̀rọ̀ àṣẹ ṣeré. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ béèrè níhìn-ín pé: ta ló ń pàṣẹ ní Ṣábẹ, ta ló ń gba owó orí, ọwọ́ ta sì ni owó náà ń gbà jáde? Ìdáhùn ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó tún yí padà láìpẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì fura.

Oníṣábẹ ni ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, ó wà lára àwọn ọmọ Ọ̀kànbí méje tí wọ́n dá ìjọba sílẹ̀, òun pẹ̀lú Alákétu àti Ọ̀ràngún Ìlá. Ọba náà kò dá ìlú ṣe. Àwọn ìjòyè àti àwọn àgbà ilé ni wọ́n jọ ń gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn tí Béhanzin bọ́ sọ́wọ́ àwọn Faransé ní 1894, gbogbo ilẹ̀ wa di ti Dahomey wọn. Àdéhùn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ní 1889 àti 1898 sì ti la ààlà sáàrin àwa àti àwọn ìbátan wa ní ìhà Ọ̀yọ́. Ẹni tó sùn ní ìhà kejì odò Okpara jí ní ọjọ́ kan, ó gbọ́ pé òun ti di ará òkèèrè. Commandant ló wá ń pàṣẹ. Ní abẹ́ rẹ̀ ni chef de canton wà, ẹni tí ó gbọ́dọ̀ kó owó orí jọ, kí ó sì kó ọ̀dọ́ lọ fún iṣẹ́ ipá. A kò gbọdọ̀ fojú kéré ohun tí èyí ṣe sí oyè. Ọba tí ìlú fi jẹ kò jọ olóyè tí òyìnbó lè yọ bí ó bá wù ú. Ojú irin gba Ṣábẹ kọjá kí ó tó dé Parakou ní 1936. Ọdún 1946 ni òfin tó fòpin sí iṣẹ́ ipá jáde.

Òmìnira dé ní 1960, ìjọba Kérékou sì tẹ̀ lé e ní 1972. Ṣábẹ di district lábẹ́ ẹkùn Zou, pẹ̀lú olórí tí wọ́n ń yàn wá láti òkè. Àwọn ọba sì di ẹni tí a ń pè ní ajẹgàba àtijọ́. Ní àkókò yẹn kan náà ni Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ kọ́ ilé iṣẹ́ ṣúgà sí ilẹ̀ wa. Ìjọba méjèèjì ló ṣe ìpinnu. Ilẹ̀ oko ìrèké nìkan ni tiwa.

Àpérò Orílẹ̀-èdè ti oṣù Èrèlè 1990 ló ṣí ilẹ̀kùn mìíràn. Òfin tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹrẹ 1999 sọ pé commune yóò máa ṣàkóso ara rẹ̀ nípasẹ̀ ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn. Ìdìbò àkọ́kọ́ wáyé láàrin ìparí 2002 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2003, ní commune 77 jákèjádò Bẹ̀nẹ̀. Ṣábẹ ní arrondissement 8: Adido, Bèssè, Boni, Kaboua, Offè, Okpara, Plateau àti Sakin. Láti ìgbà náà, ọwọ́ àwọn ará ilé ni ìwé ìbí, ọjà, kànga, ọ̀nà oko àti kíkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà, ó kéré tán lórí ìwé.

Àwọn kan sọ nígbà náà pé ìlú oko bíi tiwa kò tó ẹni tí í ṣàkóso ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo Nọ́wè fún ìṣẹ́jú kan. Láti 1837 ni òfin ti fún àwọn ìgbèríko ibẹ̀ ní ìgbìmọ̀ tiwọn. Erékùṣù kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Utsira, tí àwọn olùgbé rẹ̀ kò ju nǹkan bí 200 lọ. Ó ní ìgbìmọ̀ àti olórí tirẹ̀, àwọn obìnrin sì ni wọ́n pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ tí a yàn níbẹ̀ ní 1925. Nínú ìkànìyàn 2013, ènìyàn 87,177 ni a kà ní commune Ṣábẹ. Kíkéré kọ́ ni ìṣòro wa.

Owó ni. Owó ọjà àti owó orí tí commune ń rí kò tó nǹkan, nítorí náà ló ṣe gbára lé FADeC tẹ́lẹ̀, àpò tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2008 láti máa pín owó fún àwọn commune. Ohun kan wà tí a lè fi yangàn: àwọn commune mẹ́fà ẹkùn Collines, Bantè, Dassa-Zoumé, Glazoué, Ouèssè, Savalou àti Ṣábẹ, para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan, wọ́n sì bá agbègbè Picardie ní Faransé ṣiṣẹ́ pọ̀ tààrà, láìdúró de Kútọnu.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nínú ìdìbò ìbílẹ̀ ti 2020, ẹgbẹ́ tí kò bá rí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìbò jákèjádò orílẹ̀-èdè kò lè ní àga kankan ní Ṣábẹ, bí gbogbo Ṣábẹ tilẹ̀ dìbò fún un. Lẹ́yìn náà ni òfin ti oṣù Ọ̀pẹ 2021 dé. Ó gba ìṣàkóso ojoojúmọ́ àti ìfọwọ́sí owó kúrò lọ́wọ́ maire, ó gbé e fún secrétaire exécutif, òṣìṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún. A gbọ́ ìdí rẹ̀: àwọn maire kan ná owó ìlú bí owó àpò wọn, ìjà àwọn ìgbìmọ̀ sì ti dá iṣẹ́ dúró ní ibi púpọ̀. Òótọ́ ni. A sì gbà pé ọ̀mọ̀wé tó mọ ìṣirò lè ṣọ́ owó dáadáa. Ṣùgbọ́n bí afárá Okpara bá já, maire ni obìnrin ọjà yóò lọ bá, kì í ṣe akọ̀wé. Maire yóò gbọ́ ẹjọ́ náà, kò sì ní lè fọwọ́ sí owó àtúnṣe. Ẹni tó ti ka ìtàn chef de canton yóò rántí ohun kan níbẹ̀.

Oníṣábẹ ṣì wà láàfin. Ní oṣù Ẹrẹ̀nà 2025, Ilé Aṣòfin dìbò fún òfin tó to ọ̀rọ̀ oyè ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ìjọba sì tún mọ àwọn ọba lójú ìwé lẹ́yìn àádọ́ta ọdún. Ohun tí èyí yóò sọ ààfin dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé maire, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé yìí ni yóò fojú rí i.

Ẹgbẹ́ wa ń kó àwọn ìwé ẹ̀rí owó orí ti ayé canton àti ti district jọ. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú àpótí bàbá yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀. A ó dá ojúlówó padà lójú ẹsẹ̀.