Òrùka Àdéhùn àti Òkúta Díámọ́ńdì

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí a fi àwọn ọmọ wa lé lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni ó bí ìwé yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tọ̀ mí wá ní ilé, ó ní kí n bá òun bẹ àwọn òbí àfẹ́sọ́nà òun pé kí wọ́n sún ọjọ́ ìdána síwájú. Mo bi í léèrè ohun tí ó fà á. Ó ní ẹrù ìdána ti pé: iṣu, obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, aṣọ, àti Bíbélì pẹ̀lú, òrùka nìkan ni ó kù. Òrùka tí a gbé òkúta díámọ́ńdì lé lórí ni ó ń fẹ́. Iye tí wọ́n pè é ju owó oṣù mẹ́jọ tí ó ń gbà lọ, ó sì ti ń wá ẹni tí yóò yá a lówó. Mo bi í pé ta ni ó pàṣẹ pé òkúta náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó dáhùn pé, "Bàbá, ṣebí bẹ́ẹ̀ ni àwọn Kristẹni ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ wá."

Èmi kò dá a lẹ́bi, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn kò jẹ́rìí sí i. Òrùka jẹ́ ohun àtijọ́. Òkúta orí rẹ̀ jẹ́ ohun àná. Mo fẹ́ sọ ìtàn àwọn méjèèjì ní ṣókí, kí àwọn tí ó ń tọ́ ọ̀dọ́ lè ní èsì nígbà tí a bá bi wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Róòmù. Pliny, akọ̀wé ará Róòmù tí ó kú ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, sọ pé ní ìgbà ayé òun, òrùka irin ni a ń fi ránṣẹ́ sí obìnrin tí a bá ṣe àdéhùn láti fẹ́, kò sì sí òkúta kankan lórí rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 197, Tertullian, ọmọ Áfíríkà láti ìlú Carthage, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Túnísíà lónìí, kọ̀wé láti gbèjà àwọn Kristẹni. Nínú ìwé náà ó rántí àwọn obìnrin ìgbà àtijọ́ tí kì í fi wúrà sí ara, bí kò ṣe sí ìka kan ṣoṣo tí ọkọ ti fi òrùka ṣe ẹ̀jẹ́ sí. Ní 866, nígbà tí àwọn ará Bọ̀lìgéríà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgbàgbọ́ béèrè bí Ìjọ ti ń ṣe ìgbéyàwó, Póòpù Nicholas Kìíní dá wọn lóhùn pé ọkùnrin a máa fi òrùka sí ìka obìnrin ní àmì ìṣòtítọ́. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tí ó dárúkọ òkúta olówó iyebíye bí ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú Ìjọ tiwa. Nígbà tí a kọ́kọ́ tẹ Ìwé Àdúrà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1549, a pàṣẹ pé kí ọkọ fún ìyàwó ní òrùka pẹ̀lú wúrà tàbí fàdákà. Ní 1552 a mú wúrà àti fàdákà kúrò, ó ku òrùka nìkan. Àwọn Púrítánì fẹ́ kí a mú òrùka pàápàá kúrò, wọ́n sì fi ẹ̀bẹ̀ náà síwájú Ọba James Kìíní ní 1603. Ṣùgbọ́n òrùka dúró, ó sì wà nínú Ìwé Àdúrà 1662, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. mú wá sí ilẹ̀ wa. Ìwé náà sọ ìka tí a ó fi òrùka sí, èyí ni ìka kẹrin ọwọ́ òsì. Kò sọ ohun tí a ó fi rọ òrùka náà. Nípa òrùka àdéhùn tí a ń fún obìnrin kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, kò sọ ohunkóhun rárá.

Ẹlòmíràn lè wí pé díámọ́ńdì wà nínú Bíbélì, ní ìgbàyà Áárónì, nínú Ẹ́kísódù orí 28. Lóòótọ́, orúkọ náà wà nínú ìtumọ̀ wa. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ èdè Hébérù ṣiyèméjì gidigidi pé òkúta náà ni, nítorí a fín orúkọ àwọn ẹ̀yà Ísírẹ́lì sí àwọn òkúta ìgbàyà náà lára, díámọ́ńdì sì le ju gbogbo òkúta lọ. Bí a bá fẹ́ àpẹẹrẹ ìdána nínú Bíbélì, ìtàn Rèbékà ni kí a kà, nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 24. Ẹrú Ábúráhámù mú ohun ọ̀ṣọ́ wúrà àti fàdákà àti aṣọ lọ. Ó bá àwọn ará ilé ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n pe ọmọbìnrin náà, wọ́n sì bi òun tìkára rẹ̀ bí yóò bá ọkùnrin náà lọ. Ẹ fi ìbéèrè yìí sọ́kàn, nítorí èmi yóò padà sí i.

Níbo ni òkúta náà ti wá, nígbà náà? Títí di nǹkan bí 1725, ilẹ̀ Íńdíà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orísun rẹ̀ kan ṣoṣo, àwọn ọba àti ìjòyè nìkan ni ó sì ń lò ó. Àpẹẹrẹ tí àwọn òpìtàn sábà máa ń dárúkọ ni ti Maximilian, ọmọ ọba Ọ́síríà, tí ó fẹ́ Mary, ọmọ ọba Burgundy, ní 1477, tí ó sì fún un ní òrùka díámọ́ńdì. Lẹ́yìn ti Íńdíà ni a rí òkúta náà ní Bùràsíìlì, ní agbègbè Minas Gerais, níbi tí àwọn ẹrú ọmọ Áfíríkà ti ń fọ iyanrìn odò láti àárọ̀ di alẹ́ láti wá a fún ọba Pọtogí.

Gúúsù Áfíríkà ni ó yí ọ̀ràn náà padà. Ní 1867 ni a mọ̀ pé òkúta kan tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré nítòsí Hopetown, díámọ́ńdì ni. Ní 1869, darandaran kan, ará Griqua, rí òmíràn tí ó tóbi jù ú lọ. A fi àgùntàn 500, màlúù 10 àti ẹṣin kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ó gbà á sì tà á ní iye tí ó ju £11,000 lọ. Ní 1871 a ṣí kòtò Kimberley, òkúta sì bẹ̀rẹ̀ sí tú jáde bí ẹni ń wa yanrìn. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé ohun tí ó bá pọ̀ jù ní ọjà, ọ̀pọ̀ ni yóò dà. Nítorí náà, ní 1888, Cecil Rhodes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn kòtò náà jọ sábẹ́ ẹgbẹ́ kan, De Beers, kí wọ́n lè máa díwọ̀n iye tí yóò wọ ọjà, kí òkúta má bàa di ohun yẹpẹrẹ.

Ṣùgbọ́n kí ọjà tó lè dúró, ó yẹ kí olùrà wà. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé wó lulẹ̀ lẹ́yìn 1929, ọjà díámọ́ńdì wó pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1938, De Beers fi iṣẹ́ ìpolówó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lé ilé-iṣẹ́ N. W. Ayer lọ́wọ́. Àwọn wọ̀nyí fi òkúta náà sí ọwọ́ àwọn gbajúmọ̀ eré sinimá. Kí ẹ̀yin olùkọ́ sì fetí sí èyí: wọ́n rán àwọn olùbánisọ̀rọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láti kọ́ àwọn ọmọbìnrin pé òrùka díámọ́ńdì ni ẹ̀rí ìfẹ́. Ní 1947, obìnrin kan nínú àwọn akọ̀wé wọn, Frances Gerety, kọ gbólóhùn kúkúrú kan pé díámọ́ńdì wà títí láé, gbólóhùn náà sì gba ayé kan. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n ń kọ́ àwọn ọkùnrin Amẹ́ríkà pé owó oṣù méjì ni ó yẹ òrùka náà. Ẹni tí ó ń tajà ni ó gbé òṣùwọ̀n náà kalẹ̀. Kì í ṣe Ìjọ, kì í sì í ṣe òbí ìyàwó.

Ẹ wo ilẹ̀ Jàpáànù. Àwọn ará ibẹ̀ ní ìdána tiwọn, tí wọ́n ń pè ní yuino, nínú èyí tí ìdílé ọkọ ń gbé ẹ̀bùn lọ fún ìdílé ìyàwó, bí tiwa gan-an. Ní 1967, nígbà tí ìpolówó De Beers bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí a ṣe àdéhùn fún, àwọn tí ó gba òrùka díámọ́ńdì kò pé 5. Ní 1981 wọ́n ti tó 60. Ọdún 14 péré ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ fi di ohun tí ojú ń ti ènìyàn bí kò bá ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà tí a rà ti ń gba ipò àṣà tí a jogún.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ó kàn wá ju èyí lọ. Ní 1930 ni a rí díámọ́ńdì ní agbègbè Kono, ní Sàró. Ilẹ̀ yìí kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí wa. Freetown ni a gbé Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ní 1822, lẹ́yìn tí a ti gbà á lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú. Fourah Bay ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní 1827. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti gbé ìgbàgbọ́ padà wá sílé. Ní ilẹ̀ òmìnira yìí ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1991, kò sì parí títí di 2002. Díámọ́ńdì ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi ń ra ìbọn. Wọ́n gé ọwọ́ àwọn aláìṣẹ̀, wọ́n sì fi ipá mú àwọn ènìyàn wa òkúta. Nítorí irú èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe fìdí àdéhùn Kimberley múlẹ̀ ní 2003, pé kí òkúta tí a kò tíì gé má kọjá ẹnu ibodè láìní ìwé ẹ̀rí. Ó dára kí a rántí pẹ̀lú pé ní 2017, Emmanuel Momoh, pásítọ̀ kan ní Kono, rí òkúta tí ó wọn káráàtì 709. Kò jí i tà. Ó fi í lé ìjọba lọ́wọ́, a sì tà á ní New York ní mílíọ̀nù dọ́là 6.5. Èyí tí ó ju ìdajì owó náà lọ ni a yà sọ́tọ̀ fún ìjọba àti iṣẹ́ ìlú.

Kí ni tiwa, nígbà náà? Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, sọ nípa ìṣíhùn, èyí ni ìgbà tí ọmọbìnrin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ohùn sí i pé àwọn gbà. Orúkọ náà sọ ìtumọ̀ ara rẹ̀: ohùn ni ó so àdéhùn náà. Nígbà tí ìgbàgbọ́ dé, àwọn bàbá wa kò da ìdána nù. Wọ́n fi Bíbélì àti òrùka kún un. Gbogbo wa ni ó ti rí i: a ó so òrùka mọ́ Bíbélì, a ó ní kí ìyàwó mú èyí tí ó wù ú jùlọ nínú gbogbo ẹrù, yóò sì na ọwọ́ sí Bíbélì. Nígbà tí ó bá gbé e sókè ni òrùka yóò bá a wá. Òrùka ń tẹ̀lé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ohùn ọmọbìnrin náà. Kì í ṣíwájú wọn.

Èmi kò wí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ra díámọ́ńdì. Ẹni tí ó bá ní owó rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó rà á pẹ̀lú ọgbọ́n. Kí ó mọ̀ pé ohun mẹ́rin ni a fi ń díye lé òkúta náà: ìwọ̀n rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, mímọ́ inú rẹ̀, àti bí a ti gé e. Káráàtì 5 ni ó pé gíráàmù kan. Òkúta káráàtì kan sì wọ́n ju méjì tí ó jẹ́ ìdajì ìdajì lọ. Gígé ni ó ń mú un tàn, nítorí náà kékeré tí a gé dáradára sàn ju ńlá tí kò tàn. Kí ó béèrè ìwé ẹ̀rí, kí ó sì béèrè ibi tí òkúta náà ti wá. Kí ó mọ̀ pé láti 1954 ni a ti ń fi ẹ̀rọ ṣe díámọ́ńdì; lónìí ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ sí i, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀. Kí ó má sì rò pé ìṣúra ni ó kó pamọ́, nítorí bí ó bá fẹ́ tà á ní ọ̀la, a kì í sábà fún ni ní iye tí a fi rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní owó rẹ̀, kí ó má yá a. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó yá egbèfà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí ó ti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin wa yọ. Mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ǹjẹ́ ó ti béèrè lọ́wọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ rí bóyá òkúta náà ni ó ń fẹ́? Ó dákẹ́. Kò béèrè rí. Mo ní kí ó lọ ṣe bí àwọn ará ilé Rèbékà ti ṣe. Ní ọjọ́ kẹta ó padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọmọbìnrin náà ti sọ fún un pé òun kò fi ọkàn sí òkúta kankan, pé gbèsè tí ó fẹ́ jẹ ni ó ń ba òun lẹ́rù, nítorí àwọn méjèèjì ni yóò jọ san án. Ó ra òrùka wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. A ṣe ìdána náà ní ọjọ́ tí a dá, a kò sì sún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin àlùfáà àti olùkọ́, ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n tó dé ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sọ fún ọkùnrin kí ó béèrè, ẹ sì sọ fún obìnrin kí ó fọhùn. Ìwà rere ni ẹ̀ṣọ́ ènìyàn.