Òpó Ni Ká Pè É

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, Èkó gba àlejò ìdíje rọ́gbì ẹlẹ́ni mẹ́tàlá fún Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn. Nàìjíríà na Morocco ní àṣekágbá, ife sì di tiwa. Ẹ wá gbìyànjú kí ẹ ròyìn eré yẹn fún ará Araromi-Obu kan ní gáréèjì Ore, lédè Yorùbá nìkan. Ẹnu ọ̀nà lẹ ó ti fẹsẹ̀ kọ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ la máa ń pe eré bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ọwọ́, àyà àti èjìká ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rọ́gbì. Mo fara mọ́ "ìdíje" ní tèmi. Kò dárúkọ ẹsẹ̀, kò dárúkọ ọwọ́.

Wàhálà ńlá wà lórí àwọn mẹ́fà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní forward. Bí a bá ní "agbábọ́ọ̀lù iwájú", Victor Osimhen ló máa sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn, wọ́n á sì máa retí ayò. Ayò kọ́ ni iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, kí wọ́n ya lu ògiri èèyàn tó dúró dè wọ́n, kí wọ́n jèrè ìṣísẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n dìde, kí wọ́n tún un ṣe. Bí bọ́ọ̀lù bá sì bọ́ sọ́wọ́ alátakò, àwọn náà ni ògiri. Àwọn kan á ní ká pè wọ́n ní Aṣíwájú. Ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ ìṣèlú ti gbà á lọ. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ké e lórí rédíò pé Aṣíwájú ti ṣubú, ta ló mọ ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ?

Òpó ni mo fara mọ́. Abẹ́ àjà ló wà, gbogbo ilé ló fara tì í, kò sì sẹ́ni tó ń kí i. Àwọn méjì tó ń wọ nọ́ńbà 8 àti 10 ni ká pè ní òpó ńlá. Irú wọn ni Muizz Mustapha, tó ti ṣeré fún Leeds àti Castleford.

Tackle, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dúró, ló wá le jù. Ìjàkadì, tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹkẹ, ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn: ó dá a, ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀. Ó dùn létí, àmọ́ ó ń ṣini lọ́nà. Nínú ìjàkadì, bí ẹ̀yìn bá ti kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Nínú rọ́gbì ẹlẹ́ni mẹ́tàlá, ẹni tó ṣubú kò tíì pàdánù ohunkóhun. Ẹ wò ó dáadáa: ọkùnrin náà wà nílẹ̀, èèyàn méjì tàbí mẹ́ta gorí rẹ̀. Rẹfirí ní kí wọ́n kúrò. Ó dìde, ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i sẹ́yìn, ẹnì kejì rẹ̀ gbé e, eré tún bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá di ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù mú lẹ́ẹ̀mẹfà, bọ́ọ̀lù di ti alátakò. Láyé àtijọ́, kò sí òǹkà rárá. Ọdún 1966 ni wọ́n fi í sí mẹ́rin, ó sì di mẹ́fà ní 1972.

Òfin tún ní bí wọ́n bá rọ̀ mọ́ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù lórí ìdúró, tí kò lè tẹ̀ síwájú mọ́, wọ́n ti kà á. Ta ló dá a nígbà náà? Kò sẹ́ni kankan. Ìdí nìyí tí mo fi yan ìdìmú. Ìdìmú kẹta, ìdìmú kẹrin: sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á lè kà á láìfẹnu kọ. Ká fi "dá a lulẹ̀" pamọ́ fún ìgbà tí wọ́n bá gbé èèyàn ṣánlẹ̀ lóòótọ́. Ní ti kí a fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà alátakò, èyí tó ń mú àmì mẹ́rin wá, ìfikanlẹ̀ ti tó.

Kì í sì í ṣe gbogbo nǹkan ló nílò orúkọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2003, ní Wigan, Great Britain ń kojú Australia. Ìṣẹ́jú-àáyá 12 péré ni eré ti lò tí apá Adrian Morley, òpó ọmọ Salford, fi bá Robbie Kearns lórí, rẹfirí sì lé e jáde. Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ fún ẹ̀ṣẹ̀ yẹn. Ní Yorùbá, ó gbá a lórí, ó tán. Ẹni tó bá ń ṣẹ̀dá "ìdìmú-òkè-èjìká", ìwé ló ń wò, kò wo eré. Morley yìí kan náà gba Challenge Cup pẹ̀lú Leeds ní 1999, ó gba ife ńlá Australia pẹ̀lú Sydney Roosters ní 2002, ó sì ṣe balógun Warrington. Nǹkan bí ogún ọdún ló fi ru bọ́ọ̀lù. Ìṣẹ́jú-àáyá 12 kéré jù láti fi ṣe ìtàn rẹ̀.

Ibi tó máa yé ará Araromi-Obu jù ni bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1895, àwọn ẹgbẹ́ rọ́gbì ìhà àríwá England péjọ sí hòtẹ́ẹ̀lì George ní Huddersfield, wọ́n sì ya ara wọn sọ́tọ̀. Awakùsà èédú àti òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣeré fún wọn. Ẹni tó bá torí eré pa ibi iṣẹ́ jẹ, owó ọjọ́ náà ti lọ, àwọn aláṣẹ rọ́gbì sì ní ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ san án padà fún un. Àwọn tó ń gba oje igi rọ́bà lágbègbè wa, àtàwọn tó ń gé ẹyìn, kò nílò àlàyé lórí èyí. Owó gbà-má-bínú ti wà lẹ́nu wọn tipẹ́.

Nígbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kó èdè-ìperí Yorùbá jọ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì gbé ìdìpọ̀ kejì jáde ní 1990, ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ló jẹ wọ́n lógún. Ti eré ìdárayá kù sọ́wọ́ ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dán òpó, ìdìmú àti ìfikanlẹ̀ wò lórí afẹ́fẹ́. Èyí tí àwọn ará gáréèjì Ore bá kọ̀, ẹ jù ú nù, kí ẹ sì gba èyí tí wọ́n bá fi rọ́pò rẹ̀.