Imú Ẹ́ńjìnnì: Ìtàn Bí Onímótò Ṣe Ń Parí Ohun Tí Ilé-Iṣẹ́ Bẹ̀rẹ̀

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ oríkì àti ìjálá dìde lónìí láti sọ̀rọ̀ nípa páìpù tí ń gbé afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì mótò akẹ́rù kékeré, èyí tí à ń pè ní píkọ́ọ̀pù. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. N kò kúrò nídìí iṣẹ́ mi. Nínú oríkì, ọmọ a máa gba ohùn lẹ́nu baba, a sì máa fi tirẹ̀ kún un. Oríkì tí ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kún mọ́ ti ń kú lọ. Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn gbè lẹ́sẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mótò rí: ilé-iṣẹ́ ni ó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ń lò ó ni ó ń parí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ́ńjìnnì tí ń lo bẹntiróòlù kì í jẹ epo nìkan. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé mì jù. Epo kílò 1 ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó tó kílò 14.7 kí ó tó lè jó tán. Èyí já sí pé lítà epo kan ṣoṣo ń gba afẹ́fẹ́ tí ó tó nǹkan bí 9,000 lítà. Bẹ́ẹ̀ ni ooru a máa mú afẹ́fẹ́ fẹ̀, tí òtútù a sì máa mú un ṣù. Bí àyè tí wọ́n gbà bá dọ́gba, afẹ́fẹ́ tí ó wà ní ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá wúwo ju èyí tí ó wà ní ìwọ̀n 60 lọ. Abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì a sì máa gbóná. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tí imú rẹ̀ wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ fúyẹ́ ni ó ń mí. Ọgbọ́n tí àwọn tí ń tún mótò ṣe fúnra wọn dá kò ju èyí lọ: wọ́n fi páìpù fa imú náà jáde síbi tí afẹ́fẹ́ tútù wà, wọ́n fi àsẹ́ sí ẹnu rẹ̀ kí eruku má baà wọlé, wọ́n sì fi awo irin pẹlẹbẹ la àárín òun àti ooru ẹ́ńjìnnì.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àṣà yìí ti gbilẹ̀, ìtàn píkọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ni yóò sì jẹ́rìí mi. Ní 1908 ni Henry Ford gbé Model T jáde. Mótò èrò ni. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó ní ọ̀dùnkún àti koríko láti gbé kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó kan àpótí pákó mọ́ ẹ̀yìn mótò rẹ̀, ó di ẹrù lé e. Àwọn mìíràn gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, wọ́n fi bẹ́líìtì so ó mọ́ ayùn, mótò di ẹ̀rọ ìlagi. Ó di oṣù kẹrin 1925 kí ilé-iṣẹ́ Ford tó máa ta Model T tí àpótí ẹrù ti wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, ní dọ́là 281. Ẹ kíyè sí i pé ilé-iṣẹ́ kọ́ ni ó dá píkọ́ọ̀pù sílẹ̀. Àgbẹ̀ ti dá a. Ilé-iṣẹ́ wá tà á padà fún un.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí afẹ́fẹ́. Láàárín 1930 sí 1940, àwọn ọ̀dọ́ ìpínlẹ̀ California a máa gbé ògbólógbòó mótò Ford lọ sí ibi tí adágún ti gbẹ ní aṣálẹ̀ Muroc láti fi wọ́n sáré. Ní 1937 ni wọ́n da ẹgbẹ́ wọn pọ̀. Ẹ̀yìn ilé ni ilé-ẹ̀kọ́ wọn, àkìtàn irin sì ni ilé-ìkówèé wọn. Àtúnṣe tí ń mú ẹ́ńjìnnì mí dáadáa wà lára ohun tí wọ́n gbájú mọ́. Ní 1964, Ford pẹ̀lú ṣe mótò ìsáré kan, Thunderbolt, tí wọ́n yọ iná méjì kúrò níwájú rẹ̀ kí páìpù lè gba ibẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ ìta wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ohun tí à ń fi ṣeré lẹ́yìnkùlé ti wọ ààfin.

Ó yẹ kí a rántí ilé wa. Nígbà tí lọ́rì Bedford ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, egungun rẹ̀ nìkan ni ó sábà máa ń dé. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ni ó fi pákó ṣe ara fún un, tí akunlé sì kọ òwe sí i níwájú àti lẹ́yìn. Bọ̀lẹ̀kájà ni a sọ ọ́. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká kọ eré rẹ̀, The Road, ní 1965, lọ́rì tí ọwọ́ tiwa ti parí, tí Ògún sì ní ìpín nínú rẹ̀, ni ó gbé wọ orí ìtàgé.

Síbẹ̀, n kò wá láti fi àìmọ̀kan yangàn. Lẹ́yìn 1960, àwọn ilé-iṣẹ́ kan mọ̀ọ́mọ̀ ń fún ẹ́ńjìnnì ní afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ nígbà òtútù, kí ó lè tètè jí, kí èéfín rẹ̀ sì dínkù. Píkọ́ọ̀pù òde òní tí ó pọ̀ jù ti ń mí afẹ́fẹ́ ìta láti ilé-iṣẹ́. Èrè tí páìpù àfọwọ́ṣe yóò mú wá kì í pọ̀. Bí a bá gbé imú rẹ̀ sísàlẹ̀ jù, omi òjò lè wọlé. Omi kò ṣeé tẹ̀ pọ̀ bí afẹ́fẹ́, irin inú ẹ́ńjìnnì a sì ká. Afẹ́fẹ́ kì í sì í ṣe ti onímótò nìkan. Ní 1967 ni California dá àjọ tí ń ṣọ́ ìmọ́tótó afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Títí di òní, ẹ̀yà tí ó bá lè yí ètò èéfín mótò padà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ kí ó tó rìn lójú títì níbẹ̀. Àwọn àgbà wa náà kì í jẹ́ kí apohùn fi ohùn dídùn ba ìtàn jẹ́. Ẹni tí yóò fi kún nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé.

Ewu tí ó kan wa gan-an lónìí yàtọ̀ sí èyí. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ka afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì òde òní ń mí, kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà náà sì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé aṣòfin. Ní 2012, ìpínlẹ̀ Massachusetts ṣòfin pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ mótò fún onímótò àti mẹkáníìkì àdáni ní ìmọ̀ àtúnṣe tí wọ́n ń fún àwọn aṣojú wọn. Àwọn tí ó jà fún òfin náà mọ̀ pé ẹni tí kò lè ṣí ohun ìní rẹ̀ wò, ayálò ni, kì í ṣe oní-nǹkan.

Àwa tí à ń ra mótò tí àwọn ẹlòmíràn ṣe, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá jù wọ́n lọ. Bí àwọn mẹkáníìkì wa kò bá lè ka ìwé tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà mọ́, ọgbọ́n tí ó ṣe ara fún Bedford yóò kú sí wọn lọ́wọ́. Ó yẹ kí yunifásítì lọ jókòó tì wọ́n, kí ó ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n mọ̀, kí ó sì kọ́ wọn ní èyí tí wọn kò tíì mọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe fún àwọn onírárà àti oníjàálá. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.