Ìtàn Asẹ́ Ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń Wo Oòrùn

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, òṣùpá dí oòrùn lójú, ọ̀sán sì dòru ní Lomé, ní apá kan ilẹ̀ Benin àti ní ìwọ̀-oòrùn àríwá Nàìjíríà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, dígí tí a fi èéfín kùn àti fíìmù tí a fi ya àwòrán egungun wà lára ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbé sójú. Èrò wọn ni pé ohunkóhun tí ó bá ti ṣókùnkùn tó, ó tó láti dáàbò bo ojú. Èrò yìí ti pẹ́ láyé, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá sì gbé e lọ́wọ́ fún ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba ọdún. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe asẹ́ ìmọ́lẹ̀ fún awò-awọ̀nàjíjìn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ yẹ kí ó mọ bí wọ́n ti ṣe jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ewu awò náà kò ṣòro láti ṣírò. Bí ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀ tó mìlímítà 60, tí ihò ẹyinjú sì jẹ́ 3, ìmọ́lẹ̀ tí awò ń kó wọlé jẹ́ ìlọ́po 400 èyí tí ojú lásán ń gbà. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà lẹ́yìn ẹyinjú kò sì mọ ìrora: ó lè jó lọ́sàn-án kí onítọ̀hún má mọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Thomas Harriot, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wo oòrùn láàárín ìkùukùu ní oṣù Kejìlá ọdún 1610. Johannes Fabricius àti bàbá rẹ̀ wò ó ní ìdájí ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1611, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́n, tí wọ́n jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ihò kékeré wọ inú yàrá tí ó ṣókùnkùn. Castelli, ọmọ-ẹ̀yìn Galileo, ni ó ronú pé kí a jẹ́ kí awò ju àwòrán oòrùn sórí ìwé. Ọ̀nà yìí ni Galileo fi ya àwọn àmì dúdú ojú oòrùn ní ọdún 1612. (Ìtàn pé oòrùn ni ó fọ́ ọ lójú kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ọdún 1637 ni ojú rẹ̀ fọ́ pátápátá, ọdún 25 lẹ́yìn náà, àrùn ojú ni ó sì fà á.) Àlùfáà Scheiner ti Ingolstadt ní tirẹ̀ lo dígí aláwọ̀. Dígí yìí ni ó borí, òun ni àwọn ènìyàn ń lò lọ.

Ní ọdún 1800, William Herschel ń dán oríṣiríṣi dígí aláwọ̀ wò kí ó lè rí oòrùn dáadáa. Ó ṣàkíyèsí ohun ìyanu kan. Àwọn dígí kan ṣókùnkùn gan-an, síbẹ̀ ooru ń gba inú wọn dé ojú rẹ̀. Àwọn mìíràn mọ́lẹ̀, ooru wọn kò sì tó nǹkan. Ó fi dígí onígun mẹ́ta tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká sí àwọ̀ rẹ̀, ó sì to tẹmómítà sí i. Ní ìkọjá àwọ̀ pupa, níbi tí ojú kò ti rí ohunkóhun, ibẹ̀ ni ooru ti pọ̀ jù lọ. Nígbà náà ni a tó mọ̀ pé òkùnkùn dígí kò fi hàn pé ìtànṣán kò kọjá. Ní ọdún 1801 ó tilẹ̀ fi yíǹkì tí a bu omi là ṣe asẹ́, oòrùn sì hàn ní funfun nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní tèmi, Léon Foucault ará Faransé ni ó yẹ kí a pè ní baba asẹ́ tòde-òní. Ọgbọ́n fífi fàdákà kun dígí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1866 ó dá a lábàá pé kí a fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo dígí iwájú awò gan-an, kí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ àti ooru padà sẹ́yìn kí ó tó wọlé. Àlejò tí a kò fẹ́ kí ó wọ yàrá, ẹnu ọ̀nà ni a ti ń dá a padà. Dígí kékeré tí wọ́n máa ń tà fún ẹ̀yìn awò, níbi tí ojú wà, lòdì sí èyí. Ibẹ̀ ni gbogbo iná oòrùn kójọ sí, dígí náà sì lè sán lójijì.

Alumíníọ́mù ni ó rọ́pò fàdákà lónìí, lórí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a dìídì ṣe fún wíwo oòrùn. Ìdá kan nínú 100,000 ìmọ́lẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ó kọjá. Ọ̀rá dídán tí a fi ń di ẹ̀bùn kì í ṣe irú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fíìmù aláwọ̀ mèremère kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí aró inú rẹ̀ dúdú lójú wa ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ìtànṣán ooru kọjá, gẹ́gẹ́ bí dígí Herschel. Kí a gé páálí sí òrùka méjì, kí a fi ike náà sí àárín wọn láìfà á le, kí a sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ ọrùn páálí tí yóò dé ẹnu awò pinpin, tí afẹ́fẹ́ kò ní lè ṣí. Nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́ lò ó, kí a kọ́kọ́ gbé e sókè sí iná àtùpà. Bí ihò bíńtín bá hàn, kí a sọ ọ́ nù. Awò kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò ńlá, tí a fi ń wá ọ̀gangan, kí a yọ òun náà kúrò tàbí kí a dé e, nítorí kò ní asẹ́ kankan.