Kí Wèrè Tó Wọjà

Láyé àtijọ́, ní Iléṣà bí i ní Òṣogbo, ẹbí kì í fọmọ fọ́kọ láìwádìí. Alárinà a yí àdúgbò ká, a máa bèèrè: ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀ nílé yẹn, ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí wèrè? Bí ọ̀kan bá wà, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti forí ṣánpọ́n. Lójú tèmi, ibi ìwádìí yìí ni ìtìjú tí à ń bá yí títí dòní ti ṣẹ̀, kì í ṣe inú ìkórìíra aláìsàn. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n: ojú kì í ti wèrè, ará ilé rẹ̀ lojú ń tì. Àbúrò tí kò tíì relé ọkọ ló máa jìyà àìsàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí náà gbogbo ilé a panu mọ́. Wọn a gbé aláìsàn lóru lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ìlú mìíràn, níbi tí wọ́n ti máa ń kan àbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìgbàgbọ́ pé wèrè tó bá ti wọjà kò gbóògùn mọ́ tún wá dá kún un. Kó tó wọjà, a kò gbọ́dọ̀ sọ. Bó bá ti wọjà, sísọ kò wúlò mọ́. Ìgbà wo la ó wá sọ ọ́?

Àwọn kan á ní àṣà wa ni ká bo àṣírí ilé, pé òyìnbó ló kó sísọ ọ́ ní gbangba dé. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ìjọba òyìnbó ló ṣí ilé tí wọ́n ń ti wèrè mọ́ ní Yábàá ní 1907. Dókítà àìsàn ọpọlọ, Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ló yí àṣà ìtìmọ́lé yẹn padà: láti 1954, ó ń fi àwọn aláìsàn ọsibítù ọpọlọ Àrò ní Abẹ́òkúta wọ̀ sí abúlé tó yí ọsibítù ká, ìbátan wọn a sì wà lọ́dọ̀ wọn, láàárín àgbẹ̀. Ó bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, wọn kì í sì í ṣe òpè: reserpine, tí àwọn dókítà òyìnbó náà lò fún àìsàn ọpọlọ ní ìgbà yẹn, wà nínú igi asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn náà ń lò.

Iléṣà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀rí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní July 1930, ìsọjí wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ooyè, èrò sì ya lọ bá a láti ìlú káàkiri. Ìtàn ìjọ rẹ̀ ka wèrè mọ́ àwọn tí wọ́n gbé wá. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìyanu sílẹ̀ fún onígbàgbọ́ ná. Ohun tó kàn wá ni pé wọ́n gbé e wá lójú gbogbo ayé. Ìwàásù pé kí wọ́n má tijú kọ́ ló gbé wọn jáde, ìrètí ìwòsàn ni. Àmọ́ gbangba nìkan kò tó: bí wọ́n bá ní àjẹ́ ló fa àìsàn náà, ìtìjú náà kò kúrò nílé, orí ìyá arúgbó kan ló bọ́ sí.

Ẹni tó lọ́mọ tó tó ilé ọkọ lè bi mí pé: bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò fẹ́ ọmọ mi? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ará àdúgbò kúkú mọ ilé tí wọ́n ti ń ké lóru, alárinà yóò sì gbọ́. Gbogbo ohun tí ìpamọ́ ń fún ẹbí kò ju ọdún mélòó kan, àwọn ọdún yẹn gan-an sì ni àìsàn fi ń le. Ó sàn kí àna gbọ́ pé aláìsàn ń gbàtọ́jú, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ju kó lọ bá a lójijì nínú yàrá ẹ̀yìn. Òfin pàápàá ti yí: ní January 2023, Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tó rọ́pò òfin wèrè ti 1958. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ sì wà ní ọsibítù Wesley Guild, Iléṣà. Ẹ gbé aláìsàn yín lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ fún ẹni tó bá bi yín.