Àfọ̀ Ẹlẹ́dẹ̀ àti Òfin Omi: Ẹ̀kọ́ Ìtàn fún Ọlọ́sìn Èkìtì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹlẹ́dẹ̀ pàfọ̀ tán, ó ń wá ẹni rere tí yóò fi ara yí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ rí: ẹni tó ń sìn ín kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, bí kò ṣe ẹni tó ń pọnmi ní ìsàlẹ̀ odò.

Àgbẹ̀ Ìlogbò-Èkìtì kò nílò olùkọ́ kó tó mọ̀ pé ohun tí ènìyàn bá gbìn sórí ààtàn máa ń dára. Ìgbẹ́ ẹran ń jí ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi ń pè é ní ajílẹ̀. Náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí òjò bá gbá a lọ sódò, ewé wẹ́wẹ́ tó máa ń bo ojú omi ni yóò bọ́. Bí ewé yìí bá kú tó sì ń jẹrà, yóò lo afẹ́fẹ́ inú omi tán, ẹja yóò sì kú. Èyí tó bá wọ kànga lè pa ọmọ ọwọ́ lára.

Ilẹ̀ Yúróòpù ti fi ojú winá ọ̀rọ̀ náà. Ní 1984, ìjọba Netherlands fi òfin dí ìgbòòrò oko ẹlẹ́dẹ̀ àti ti adìyẹ lọ́wọ́, nítorí ìgbẹ́ ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Ní 1986, edé ńlá kú sínú òkun Denmark. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjọba ibẹ̀ gbé ètò kalẹ̀ láti dín ìdọ̀tí oko tó ń wọ omi kù. Ní 1991, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fẹnu kò sórí òfin tó fi ààlà sí i: ní ibi tí omi ti wà nínú ewu, náítírójìn ìgbẹ́ ẹran kò gbọdọ̀ ju kílógíráàmù 170 lọ lórí hẹ́kítà kan lọ́dún. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ tí ọlọ́sìn ní ló ń sọ iye ẹran tí yóò sìn. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tó ní láti sanwó kí wọ́n bá a kó ìgbẹ́ lọ, àwọn mìíràn sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, kòtò ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ kan ya ní North Carolina ní oṣù kẹfà 1995. Nǹkan bí gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 25 ṣàn jáde, ó sì pa ẹja rẹpẹtẹ nínú odò New River. Ní 1997 ni ìpínlẹ̀ náà tó dá kíkọ́ oko ẹlẹ́dẹ̀ ńláńlá dúró. Lẹ́yìn ìpalára ni òfin ń dé.

Bákan náà ló rí ní Nàìjíríà. Májèlé tí wọ́n kó láti Ítálì wá dà sí Koko ní 1988 ló bí àjọ FEPA; àjọ NESREA sì dé ní 2007. Nítorí pé ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ ló bí àwọn òfin yìí, ojú ìjọba kì í sábà dé ẹ̀yìnkùlé ọlọ́sìn kékeré.

Ṣùgbọ́n ìṣòro Èkìtì kì í ṣe ti Denmark. Ọlọ́sìn Denmark ń wá ibi tí yóò da ìgbẹ́ sí. Àgbẹ̀ Èkìtì ń wá owó tí yóò fi ra ajílẹ̀ alápò. Òfin tó bá kàn ń lé ẹlẹ́dẹ̀ kúrò nílùú yóò pa ọlọ́sìn lára, kò sì ní ran oko lọ́wọ́. Ohun tó yẹ kí òfin béèrè kò le: kí ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ jìnnà sí odò àti kànga, kí wọ́n kó ìgbẹ́ jọ, kí wọ́n bò ó kí òjò má baà gbá a lọ, kó jẹrà dáadáa, kó tó dé ìdí àgbàdo tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìgbẹ́ kan náà ni. Bó bá dé oko, ajílẹ̀ ni. Bó bá dé odò, àrùn ni. Kí odò tó bàjẹ́ ló yẹ kí òfin ti dé.